Ẹni Tó Gberin Wa Nínú Kùrukùru

Òórùn ẹja yíyan ni. Kì í ṣe ti ẹja tí wọ́n ń yan lórí ẹ̀yinná lẹ́bàá títì o, èyí tí àwọn obìnrin etí ọ̀sà ń fi èéfín gbẹ láti àárọ̀ ni mò ń wí, tó máa ń dúdú mìnìjọ̀, tí òórùn rẹ̀ sì máa ń wọ aṣọ ènìyàn bíi pé ó fẹ́ bá a délé. Tí mo bá ń kọjá lọ́jà Ìjẹ̀bú-Igbó báyìí, tí òórùn náà bá kọlù mí, ọwọ́ mi á ti máa wá ọwọ́ ọmọbìnrin mi kí n tó rántí pé ó wà níléèwé, pé ó tilẹ̀ ti ga dé èjìká mi. O mọ̀ mí, ọ̀rẹ́ mi. O mọ̀ pé n kì í ṣe ojo. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ, àyà mi ṣì ń já.

Ìwé ọmọdé ló gbé mi dórí omi lọ́jọ́ náà. Nígbà yẹn, mò ń kọ̀wé fún ọkùnrin kan tó ń tẹ ìwé ní Àgọ́-Ìwòyè, tó gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan sẹ́yìn ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé. Iṣẹ́ wa ni pé ká mú àlọ́ àtijọ́, ká tún un sọ lọ́nà tuntun, ká fi àwòrán aláràbarà sí i, kí ìyá, bàbá àti ọmọ lè jọ jókòó kà á láìsí ohun tó máa ti ẹnikẹ́ni lójú. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn bí ẹní fẹ́ràn oúnjẹ. Èyí tó wà lọ́wọ́ wa nígbà náà ni àlọ́ tí ìyá tó bí bàbá mi máa ń pa fún wa ní kékeré. Ọmọbìnrin kan lọ fọ igbá ìyá rẹ̀ létí odò, omi gba igbá lọ, ọmọ tẹ̀lé igbá títí kò fi rí ilẹ̀ mọ́. Omi ní òun ò ní dá a padà àfi tí ẹnìkan lórí ilẹ̀ bá gbe orin rẹ̀. Ló bá ń kọrin ṣáá, pé, “Omi, dá mi padà sílé,” ègbè rẹ̀ sì ni, “Wẹ̀rẹ̀ o, omi wẹ̀rẹ̀.”

Tí màmá àgbà bá dá orin náà, dandan ni kí gbogbo wa gbè é. Tí ohùn ẹnìkan bá dín, á dúró. Á ní, “Ta ni mi ò gbọ́ níbẹ̀ yẹn?” Onítọ̀hún á sì dá nìkan gbè é, tòun ti oorun lójú, kí àlọ́ tó lè tẹ̀síwájú. A máa ń bínú sí i nígbà náà. Lójú tèmi, ó kàn ń ni wá lára ni, bí àwọn àgbà ṣe máa ń ṣe.

Ọ̀gá tó ń tẹ ìwé ò fẹ́ orin náà rárá. Ó ní ó fa ìbànújẹ́, ó ní ó ń ba òun gan-an alára lẹ́rù, ká má tíì sọ ti ọmọdé. “Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ò gberin mọ́,” ló wí, “àwòrán ni wọ́n ń wò.” Ó wá fi orin mìíràn rọ́pò rẹ̀, orin kúkurú kan tó ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún bí ìpolówó ọṣẹ lórí rédíò. Mo jiyàn, ó jiyàn, ló bá ní kí n lọ kà á fún àwọn ọmọ fúnra wọn. Bá a sì ṣe ń ṣe é nìyẹn: a kì í tẹ ìwé kankan láìkọ́kọ́ kà á sétí àwọn ọmọ, kí á wo ojú wọn, kí á mọ ibi tí wọ́n ti ń yán. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní abúlé kan lórí omi, lọ́hùn-ún ní Ògùn Wọ́tásáìdì, ló gbà pé kí n wá. Ọmọ mi, tó jẹ́ ọmọ ọdún méje nígbà náà, sunkún títí mo fi ní kó jẹ́ ká lọ.

Ìgbà ọyẹ́ ni. A sùn sọ́dọ̀ ẹbí kan ní Ìbíadé, a sì tètè dé etídò láàárọ̀. Kùrukùru bolẹ̀ débi pé ọkọ̀ tá a fẹ́ wọ̀ ni mo rí, mi ò rí omi tó wà lábẹ́ rẹ̀. Mo ní ṣé ká má dúró ná? Ọlọ́kọ̀, ọ̀dọ́kùnrin kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, fi mí rẹ́rìn-ín. “Àǹtí, ojoojúmọ́ ni mò ń gba ọ̀nà yìí. Ká tó dé àárín, oòrùn á ti là á.” Mo wé ìborùn mi mọ́ ọmọ lórí, mo ka Bísímílláhì, a gbéra.

Oòrùn ò là á. Ṣe ni kùrukùru náà ń ki sí i. Nígbà tó yá, ewéko orí omi lọ́ mọ́ ẹ́ńjìnnì, ó hó, ó wú ikọ́, ó sì kú. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀lé e, mi ò lè júwe rẹ̀. Funfun lọ́tùn-ún, funfun lósì, bíi pé wọ́n da agbádá òwú bò wá. Ọlọ́kọ̀ fa okùn ẹ́ńjìnnì títí, kò jí. Ó yọ fóònù, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ó mú àjẹ̀, ó gbé e dání, ó wá ń wò mí. Ìgbà yẹn ni ó yé mi pé kò mọ ibi tó yẹ kó wà á sí. Tó bá ṣìnà wà á sí ojú ọ̀sà gbalasa, ta ló máa rí wa níbẹ̀?

Òórùn ẹja yíyan ló kọ́kọ́ fún wa nírètí. Ó bọ́ sí wa nímú lójijì, tòun ti èéfín, àwa méjèèjì sì jọ gbé orí sókè. Èéfín túmọ̀ sí ilẹ̀, ilẹ̀ sì túmọ̀ sí ènìyàn. Ṣùgbọ́n níhà wo? Nínú kùrukùru, òórùn kì í ní ọ̀nà, ibi gbogbo ló ti ń wá. Lẹ́yìn náà ni a gbọ́ ìró odó, ẹnìkan ń gún nǹkan, gbì, gbì, gbì. Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde nínú ọkọ̀. A jọ fi igbe ta. “Ẹ gbà wá o! Ẹ̀yin ará ibí, ẹ dá wa lóhùn o!”

Ìró odó náà dúró. Kò sì tún dún mọ́.

A ké títí ohùn ọlọ́kọ̀ fi há. Ẹnikẹ́ni ò dáhùn. Ọ̀rẹ́ mi, kí ènìyàn má gbọ́ ọ kò burú tó kí ó gbọ́ ọ, kí ó sì panu mọ́. Mo bi ọlọ́kọ̀ pé irú ènìyàn wo ló wà níbẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa gbàdúrà,” ojú rẹ̀ ò sì kúrò lára omi tó ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀ ọkọ̀.

Bẹ́ẹ̀ la wà tá a gbọ́ ọkọ̀ ńlá, irú èyí tó ń kó yanrìn. Ó ń kùn bọ̀, ó ń kùn bọ̀, kò sì sí bó ṣe lè rí wa. Mo fi ara bo ọmọ mi mọ́lẹ̀, mo ń pariwo Lá iláhà ilalláhù, ọlọ́kọ̀ ń pe Jésù. Mi ò rí ọkọ̀ náà rárá, òjìji rẹ̀ nìkan ló kọjá bí ẹni pé ògiri ń rìn. Ìgbì rẹ̀ wá lù wá, ó da omi lé wa lórí, ọkọ̀ wa fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ kó tó tún ara rẹ̀ gbé. Nígbà tí mo gbójú sókè, ọmọ mi la ojú sílẹ̀ kalẹ̀, kò sunkún, kò pe Ùmmí bó ṣe máa ń pè mí. Mo mì í, mo pe orúkọ rẹ̀ pátá, tilé tòde. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn ò jáde.

Ẹ̀rù omi kúrò lára mi lójú ẹsẹ̀, ti ọmọ gbà á. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn láyé mọ́ ju pé kó sọ̀rọ̀. Mo dá orin tuntun inú ìwé náà, èyí tó mọ̀ dáadáa, tó ti ń kọ kiri ilé láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ohùn mi ń já, orin ọṣẹ náà sì rí ṣákálá lórí omi yẹn. Kò gbè é. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi fi bọ́ sórí ti màmá àgbà. “Omi, dá mi padà sílé.” Mo wo ẹnu rẹ̀. Kò gbè é. Mo tún dá a, tẹkún-tẹkún.

Láti inú kùrukùru, ohùn obìnrin kan, ohùn àgbà tó ti ń ya, dá mi lóhùn pé, “Wẹ̀rẹ̀ o, omi wẹ̀rẹ̀.”

Kí n má purọ́, kò dùn mọ́ mi nínú. Ṣe ni irun orí mi dìde. Irú ènìyàn wo ló ń gbe orin àlọ́ láàárọ̀ kùtù, tí kò dáhùn nígbà tá a ké pé ẹ gbà wá? Mo panu dé pẹ́kí. Ọlọ́kọ̀ ló jágbe mọ́ mi: “Àǹtí, ẹ má dákẹ́! Ẹ bá mi kọ ọ́, ẹ má dákẹ́ rárá!” Ó ti ki àjẹ̀ bọ omi. Mo dá orin, ohùn náà gbè é, ọlọ́kọ̀ yí imú ọkọ̀ sí i. Mo tún dá a, ó tún gbè é, ó sún mọ́ wa díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà, ohùn kejì wọ inú ègbè náà, ohùn tín-ín-rín kan lábẹ́ apá mi. Ọmọ mi ni. Mo sunkún, mo ń kọrin, ikun imú ń ṣàn wọ ẹnu mi, mi ò bìkítà.

Ẹsẹ̀ igi la kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà ilé tí wọ́n fi pákó kọ́ sórí omi, lẹ́yìn náà ìyá arúgbó kan tó dúró síwájú ààrò ẹja, ọmọ-odó lọ́wọ́ rẹ̀ bíi kùmọ̀. Ó fọwọ́ kan ọmọ mi lójú, ó fọwọ́ kan tèmi, kó tó gbà pé ènìyàn ni wá. Nígbà tó ti fún wa ní ẹ̀kọ gbígbóná, ló wá bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ní èdè etí omi wọn tí mo ń fi etí méjèèjì gbọ́.

“Mo gbọ́ yín nígbà tẹ́ ẹ kọ́kọ́ ké,” ló wí. “Àwa níbí kì í dáhùn ohùn tá ò bá rí olóhùn, pàápàá lórí omi. Látìgbà tí mo ti gbọ́njú ni wọ́n ti kìlọ̀ ẹ̀ fún wa. Àwọn ọkùnrin ti lọ sódò, èmi nìkan ni mo wà nílé, mo wá sé ẹnu mi pinpin.” Ó mi orí. “Ṣùgbọ́n orin yẹn, ẹnu mi ti gbè é kí n tó mọ̀. Màmá tiwa náà ò jẹ́ gbà kéèyàn má gbè é.”

A ka ìwé náà fún àwọn ọmọ iléèwé náà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, nígbà tí oòrùn ti là, tí ọlọ́kọ̀ sì ti fi àjẹ̀ wà wá dé ọ̀hún. Mi ò kọ orin ọṣẹ. Nígbà tí mo padà sí Àgọ́-Ìwòyè, mo gbé ẹ̀dà tí omi ti bà jẹ́ ka iwájú ọ̀gá, mo sì sọ ohun tí ojú mi rí. Ó ń ṣí àwọn ojú ewé tó ti lẹ̀ mọ́ra. Ó ní, “Ó dáa, dá a padà,” kò sì jiyàn mọ́. Ìwé náà ti jáde, o lè ra ti àwọn ọmọ rẹ. Ẹ̀rù wà nínú rẹ̀, mi ò yọ ọ́, ègbè orin náà sì wà níbẹ̀ gàdàgbà, níbi tí ọmọdé kankan ò ti lè fò ó.

Mo máa ń ronú kan màmá àgbà. Iná kì í sí nílé wa láyé ọjọ́un, a sì pọ̀ nínú pálọ̀ náà, ọmọ tẹni àti ọmọ ará ilé. Kò lè rí ojú wa. Ègbè yẹn ló fi ń mọ̀ pé gbogbo wa ṣì wà níbẹ̀. Ọmọ mi ti ń dàgbà, ó ti ní kí n yé wé ìborùn fún òun níta, kò sì fẹ́ kí n máa bi òun léèrè ibi tó wà ní gbogbo ìgbà. Ṣùgbọ́n tó bá ti iléèwé dé, tí ìdákẹ́jẹ́ inú yàrá rẹ̀ bá pẹ́ jù fún mi, mo máa ń dá orin náà láti ilé ìdáná. Á kọ́kọ́ pòṣé, á ní, “Ùmmí, ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀.” Lẹ́yìn náà, á gbè é.