Omi Gbígbóná fún Ikùn Mi

Ní agboolé ọkọ mi ní Àrẹ̀mọ, àdúrà kan ṣoṣo ni wọ́n ń ṣe fún aboyún: "Wà á bí i wẹ́rẹ́, ọ̀bẹ ò ní kàn ọ́." Mo ń ṣe àmín, inú sì ń bí mi. Ọ̀bẹ ò kàn mí nígbà àkọ́kọ́. Ọjọ́ méjì ni mo fi rọbí, òkú ọmọ ni mo bí.

Lọ́tẹ̀ yìí, dókítà ní àwọn lè fi iṣẹ́ abẹ gbé ọmọ náà kí n tó rọbí rárá, bí mo bá fẹ́. Kò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi: ẹ̀jẹ̀ lè dà jù, ojú ọgbẹ́ lè kẹ̀, oyún tó bá tún tẹ̀ lé e sì lè mú ewu tirẹ̀ wá. Ó ní kí n bá àwọn ará ilé sọ ọ́. Àwọn ará ilé wo? Kánò ni ọkọ mi ti ń wa ọkọ̀ ẹrù. Lórí fóònù, ó ní, "Èyí tó bá tẹ́ ẹ lọ́rùn ni kó o ṣe, ṣùgbọ́n má jẹ́ kí Màámi gbọ́." Ìyá tèmi ti kú. Mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn Mápó, mo ń wo èrò ọjà. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà mí gan-an. Ṣùgbọ́n mo rántí bí yàrá ìbímọ ṣe pa lọ́lọ́ lọ́jọ́sí, nígbà tí ọmọ ò ké. Mo dìde, mo padà lọ bá dókítà.

Mo purọ́ fún ìyá ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ sinmi lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. Èmi nìkan gbé báàgì lọ sílé ìwòsàn, èmi nìkan tọwọ́ bọ̀wé. Nọ́ọ̀sì béèrè ẹni tó tẹ̀ lé mi wá. Mo ní ó ń bọ̀ lọ́nà.

Lọ́jọ́ karùn-ún lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, mo gbé ọmọbìnrin mi wọ agboolé, mo ní ọ̀dọ̀ ọ̀rẹ́ mi ni mo ti rọbí lójijì. Wọ́n ń yọ̀, wọ́n ń kí mi kú ewu. Òmùgọ̀ ni mí, n kò rántí ìwẹ̀! Ta ló bímọ nílé yẹn rí tí wọn ò fi aṣọ inú omi gbígbóná tẹ̀ níkùn, kí ikùn lè fà padà? Kí n tó jókòó dáadáa, ìyá ọkọ mi ti gbé omi wọlé, ó ti ki aṣọ ìnura tuntun bọ̀ ọ́.

"Tú ìró ẹ."

Mo di ìró mú. "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Abẹ ni wọ́n fi gbé e."

Ó dúró. Omi ń kán sílẹ̀ lára aṣọ ìnura. Mo ń retí èébú, mo sì ti to èsì sẹ́nu.

"Ta ló dúró tì ẹ́ níbẹ̀?"

"Kò sẹ́nì kan, mà."

Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ mi méjèèjì sórí itan rẹ̀, ó sì ń fi aṣọ ìnura náà nù wọ́n díẹ̀díẹ̀.

"Ṣé torí tèmi lo ṣe dá lọ?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà," mo sì tú ìró tí mo dì mú, kó lè rí ojú ọgbẹ́ náà.