Dò, Mí, Dò, Mí, Mí

Ẹ̀gbọ́n mi ti ń húkọ́ fún bí ọdún méjì kí wọ́n tó pè é pé kó wá ká orin rẹ̀ sínú àwo. Kí a tó gba òmìnira ló ti ń fọn sasofóònù ní òtẹ́ẹ̀lì l'Ékòó, orin jáàsì tí èmi kì í mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀, ká má tíì sọ ibi tí yóò parí sí. Ó pẹ́ tí ìyá wa ní Òmù-Àrán ti fojú kàn án gbẹ̀yìn. Ìpínlẹ̀ Kwara ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ogun sì ń lọ lọ́wọ́. Ìyá wa ní kí n lọ mú ọmọ òun wá. Mo tọrọ àyè ní iléèwé ìjọ tí mo ti ń kọ́ni, mo wọ ọkọ̀ ojú irin l'Ọ́fà.

Inú sítúdíò ni mo ti bá a. Ó ti rù débi pé okùn fèrè ń yọ̀ lọ́rùn rẹ̀. Inú bí mi.

"Ṣé fèrè yìí ni yóò sin yín ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí n jókòó, pé ó ku orin kan ṣoṣo, "Mò ń bọ̀ wálé", orin tí òun ṣe fún Màmá.

Wọ́n fi aṣọ tó nípọn bo ògiri ibẹ̀ yíká, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Iná pupa tàn, àmì pé wọ́n ti ń ká ohùn. Ẹ̀gbọ́n mi fọn ohùn márùn-ún, ó mí, ó tún un fọn. Dò-re-mí ni mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé ní àmì ohùn, etí mi ò lè ṣàì kà á: dò, mí, dò, mí, mí. Mò ń bọ̀ wálé. Ó bá a mu rẹ́gí. Ṣùgbọ́n nígbà tó fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, gbólóhùn mìíràn wọ̀ mí létí, n ò sì rí i lé jáde mọ́. Òkú bọ̀ wálé. Ohùn kan náà ni. Kò tíì pẹ́ nígbà náà tí wọ́n já pósí sójà kan sílẹ̀ ní Rore, nítòsí ìlú wa. Ẹ̀rù bà mí gidigidi.

Bí iná ti kú ni mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí orin yẹn padà. Ẹ ò gbọ́ ohun tó ń sọ ni?"

"Kí ló ń sọ?"

Ẹnu mi kọ̀ láti pè é.

Ó nu ẹnu fèrè rẹ̀. "Mo ti gbọ́ ọ kí n tó fọn ọ́n. Dókítà ti sọ tèmi fún mi." Ó ní agbára ìrìn-àjò ò sí mọ́, òun yóò fi àwo náà ránṣẹ́. "Bí Màmá bá bi ọ́, èyí tó dára ni kí o sọ fún un."

Mo dá nìkan padà sílé. Nígbà tí àwo náà dé, mo yá giramafóònù pásítọ̀, àwọn aládùúgbò sì kún ojú fèrèsé wa. Fèrè dún. Mo rí i tí wọ́n ń wo ara wọn, tí wọ́n sì ń wo ilẹ̀.

"Kí ló ń wí?" ìyá wa bi mí.

"Ó ní, 'Mò ń bọ̀ wálé,' Màmá."

Ó dìde, ó pàtẹ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá fèrè kọ ọ́. Ó kọjú sí wa. "Ẹ gbè é, ẹ bá mi gbè é!"

Èmi ni mo kọ́kọ́ gbè é, mo ń pe ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ketekete kí ahọ́n mi má baà ṣì í.