Ọ̀rọ̀ Méjì Láti Fanandó Pó

Ọdún tó tẹ̀ lé èyí tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì wá sí Naijíríà ni fọ́ọ̀mù ìwé àṣẹ ìwọ̀lú kan dé ilé wa ní Fìdítì. Ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi ránṣẹ́ láti Fanandó Pó, erékùṣù tó wà lábẹ́ ìjọba Sípéènì, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ oko kòkó. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí ẹ̀gbọ́n mi ti fojú kàn án kẹ́yìn. Bí wọ́n bá gba fọ́ọ̀mù yìí, yóò wọ ọkọ̀ ojú omi lọ bá a. Bí wọn kò bá gbà á, ó tún di ọdún mìíràn.

Mo ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì wa nígbà náà, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n kọ ọ́. N kò gbọ́ èdè Sípéènì, ṣùgbọ́n ọkọ ẹ̀gbọ́n mi ti fi pẹ́ńsùlù kọ ìtumọ̀ sábẹ́ ìlà kọ̀ọ̀kan. Níbi tí wọ́n ti bèèrè orílẹ̀-èdè, ọ̀rọ̀ méjì ló kọ, inglesa, ìyẹn ará Gẹ̀ẹ́sì, àti nigeriana, ìyẹn ará Naijíríà. Ó ní: “Àwọn kan ń kọ ti àkọ́kọ́, àwọn kan ń kọ èkejì. Ẹ mú ọ̀kan. Ẹ má kọ orúkọ ìlú síbẹ̀ o. Ìlọrà ni mo kọ nígbà tèmi, wọ́n dá ìwé mi padà.”

Ẹ̀gbọ́n mi bú sẹ́rìn-ín. “Ìlọrà kẹ̀! Òun ni ọmọ Ìlọrà. Kọ Fìdítì ní tèmi.”

“Àǹtí mi, wọ́n á dá a padà.”

“Ẹni tó relé ọkọ, ṣé ó ti gbàgbé ilé baba rẹ̀ ni?”

Bàbá wa, tó jẹ́ bàbá ìjọ, ní ká kọ inglesa. “Ta là ń gbàdúrà fún lọ́jọọjọ́ Ìsinmi? Ṣebí Ọbabìnrin ni?”

Ẹ̀gbọ́n mi dáhùn pé: “Bàbá, a ń gbàdúrà fún Ísírẹ́lì náà. Ṣé ìyẹn sọ wá di Júù?”

Bàbá rẹ́rìn-ín títí fìlà rẹ̀ fi yẹ̀.

Èmi kò lè rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ náà ń yà mí lẹ́nu. Lára máàpù tó wà ní kíláàsì mi, àwọ̀ pupa kan náà ni wọ́n fi kun Naijíríà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bí ará Fìdítì bá bi mí ní ibi tí mo ti wá, agboolé wa ni mo máa ń dárúkọ. Bó bá jẹ́ ará Ọ̀yọ́, mo máa ń ní Fìdítì. N kò tíì pàdé ẹni tí mo ní láti sọ fún pé Naijíríà ni mo ti wá rí.

Ẹ̀gbọ́n mi fìka lé nigeriana. “Tíṣà, ṣé Fìdítì wà nínú eléyìí?”

“Ó wà níbẹ̀.”

“Ti àkọ́kọ́ ńkọ́?”

Mo tún ro máàpù náà wò. “Kò sí níbẹ̀, Àǹtí mi.”

“Kí ló wá kù? Kọ ọ́.”

Mo gbàdúrà kí n tó ki gègé bọ yíǹkì, nítorí bí mo bá ṣì í kọ, èmi ni mo máa ya tọkọtaya.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, lẹ́tà ẹ̀gbọ́n mi dé láti Fanandó Pó, ọkọ rẹ̀ ló bá a kọ ọ́. Ó ní òyìnbó tó wà ní èbúté níbẹ̀ ka ọ̀rọ̀ náà, ó wo ojú rẹ̀, ó lu òǹtẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n inú ẹ̀gbọ́n mi kò dùn tán, nítorí ohun tó ní kí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ lẹ́tà náà ni pé: “Mo dúró de òyìnbó náà títí. Kò tiẹ̀ bi mí ní ìlú tí mo ti wá.”