Lọ́ọ̀dù Tí A Gbààwẹ̀ Fún ní Plumstead

Tí omi Thames bá ti fà sẹ́yìn, tí ẹrẹ̀ etídò wá hàn síta, òórùn kan wà tó máa ń wọ Thamesmead, àdúgbò kan létí odò náà. Ó jọ òórùn ẹja tútù, ó jọ ti irin tó ti dípẹtà, koríko tútù sì tún wà nínú rẹ̀. Ìwọ tó jẹ́ pé Peckham lo ti bẹ̀rẹ̀ ayé tìrẹ ní London, o lè má mọ̀ ọ́n. Èmi ò lè gbàgbé rẹ̀ láéláé. Òun ló máa ń pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà ilé bàbá òyìnbó kan tí mò ń tọ́jú nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú yìí. Tí mo bá ti ṣílẹ̀kùn, òórùn búrẹ́dì tó jóná á gbapò rẹ̀, torí bàbá náà kì í dúró dè mí kó tó máa yan búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ ojú rẹ̀ ò ríran dáadáa mọ́. Iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ láràárọ̀ ni pé kí n ṣí fèrèsé, kí n fi aṣọ nùwọ́ lé èéfín jáde, kí n sì ṣe bí ẹni pé mi ò rí nǹkan kan.

Tíṣà ìtàn ni bàbá náà kó tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó rẹ̀ ti kú. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo ló bí, ìyẹn náà sì ti lé ní ogójì ọdún. Òdìkejì odò níbẹ̀ ni ọmọ yẹn ń gbé o, ibi tí ọkọ̀ ojú omi Woolwich á gbé èèyàn dé kó tó sọ pé òun fẹ́ jókòó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ìyá rẹ̀, ọdún mẹ́fà gbáko, kò fẹsẹ̀ tẹ ilé bàbá rẹ̀, kò sì pe fóònù. Àwọn tó gbà mí síṣẹ́ ti kìlọ̀ fún mi pé n kò gbọdọ̀ bá bàbá sọ ọ̀rọ̀ ọmọ náà. Àìsàn ọkàn ń bá bàbá jà. Dókítà sọ ọ́ lójú mi pé kò ní pẹ́ mọ́. Kí n má parọ́ fún ọ, ọ̀rọ̀ náà ń jẹ mí lọ́kàn: ṣé báyìí ni arúgbó yìí ṣe máa lọ láìrí ọmọ rẹ̀ sójú?

Dádì ni mo ń pè é. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ, ó ní òun kọ́ ni bàbá mi. Mo ní, "Ẹ má bínú, Dádì." Ó wò mí títí, ó rẹ́rìn-ín, ó jọ̀ọ́. Kí ni kí n tún pè é? Ṣé kí n máa pe ẹni tó dàgbà ju bàbá mi lọ lórúkọ ni?

Dádì ń kọ ìwé kan. Torí ojú rẹ̀, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń gba ohùn sílẹ̀ ló ń sọ ọ́ sí. Ìtàn ìgbésí ayé Lọ́ọ̀dù kan ni, ọlọ́lá tó dúró ti ọba nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ aṣòfin àti ọba ń bá ara wọn jagun. Èmi ti mọ gbogbo èyí báyìí. Nígbà yẹn, mi ò mọ ìkankan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé tí mo bá ti wọlé, kí n tó bọ́ kóòtù, Dádì á ti máa fún mi ní ìròyìn. Á jókòó sẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí omi, á ní, "Wọ́n ti mú Lọ́ọ̀dù wa o." Lọ́jọ́ kejì: "Wọ́n ti gba ilé ẹ̀, wọ́n gba ilẹ̀ ẹ̀. Wọ́n ní kó búra pé òun ò ṣe tọba mọ́, ó kọ̀." Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo bá a tó ń fi ọwọ́ nu ojú. Ó ní, "Ọmọ ẹ̀ wà lọ́dọ̀ àwọn ọ̀tá. Lẹ́tà ẹyọ kan, ọmọ yẹn ò kọ ọ́ sí i lẹ́wọ̀n."

Ọ̀rọ̀ náà ká mi lára gan-an ni. O mọ̀ pé ìjòyè ni bàbá tèmi. Nígbà tí ìlú wa pín sí méjì nítorí ọba, bàbá mi ní òun ò lè fi ẹni tó fi òun joyè sílẹ̀. Wọ́n jó ilé wa. Oṣù mẹ́ta ni bàbá mi lò látìmọ́lé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin sì wà láàárín àwọn tó ń lé ọba. Ẹni tójú rẹ̀ ti rí èyí, kí ló tún fẹ́ yà á lẹ́nu? Ní tèmi, ọba wà ní England, lọ́ọ̀dù wà, ẹ̀wọ̀n sì wà. Mo tiẹ̀ ń ṣọ́ ìròyìn lórí tẹlifíṣọ̀n bóyá wọ́n á dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí wọn ò dárúkọ rẹ̀, mo ní kò burú, ọ̀rọ̀ àwọn ńlá-ńlá ni, wọ́n ti bò ó mọ́lẹ̀.

Bí mo ṣe gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Ìjọ aláṣọ funfun ni wá, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù kan ní Plumstead High Street la ti ń pàdé. Mọ́mì Aládùúrà tó ń darí àdúrà wa, iṣẹ́ ìmọ́tótó ló ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá ti wọ sùtánà rẹ̀, kò sẹ́ni tó ń bá a ṣàwàdà. Mo ròyìn fún un: Lọ́ọ̀dù kan, ọ̀rẹ́ Dádì mi, wà lẹ́wọ̀n, ọmọ rẹ̀ sì ti kọ̀ ọ́. Mọ́mì ní, "Kí lorúkọ ìyá ẹ̀?"

Ìwọ náà mọ̀ pé bá a ṣe ń ṣe nìyẹn. Orúkọ èèyàn nìkan ò tó níwájú Ọlọ́run, orúkọ ìyá tó bí i la fi ń tọ́ka sí i. Mo dé ọ̀dọ̀ Dádì lọ́jọ́ kejì, mo bi í. Háà, inú ẹ̀ dùn! Ó ní gbogbo ọdún tóun fi kọ́ ọmọ, kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan tó bi òun ní ìyá Lọ́ọ̀dù rí. Ó ní kí n gbé ìwé gbàǹgbà kan wá lórí pẹpẹ ìwé rẹ̀, ó fi awò tó ń mú lẹ́tà tóbi wá a, ó sì pe orúkọ náà ní lẹ́tà kọ̀ọ̀kan fún mi títí mo fi kọ ọ́ tán. Kò bi mí ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Ó rò pé ìtàn ni mo fẹ́ràn.

A gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, láti òwúrọ̀ títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Àwọn tó ń tọ́jú arúgbó gbà á, àwọn tó ń nu ọ́fíìsì gbà á, awakọ̀ bọ́ọ̀sì kan sì ń fi àkókò ìsinmi rẹ̀ ka Sáàmù lórí ìjókòó rẹ̀. Tá a bá wá péjọ nírọ̀lẹ́, orí á wú ọ. "Olúwa, dá Lọ́ọ̀dù sílẹ̀! Yí ọkàn ọmọ ẹ̀ padà!" Lọ́jọ́ kejì, Mọ́mì ní òun rí i lójú ìran, bàbá àgbà kan tó jókòó sẹ́bàá fèrèsé, tó ń wo omi. Gbogbo wa ké Halelúyà. Èmi ni mo ké é jù.

Lọ́jọ́ kẹta, mò ń gbé tíì bọ̀ fún Dádì, òòyì kọ́ mi, ife bọ́, ó fọ́. Dádì ní kí ló ṣe mí. Mo ní ebi ni, pé ààwẹ̀ ni mò ń gbà. Ó ní nítorí kí ni? Mo ní, "Nítorí Lọ́ọ̀dù yín ni, Dádì. Gbogbo ìjọ wa ló ń gbà á, kí Ọlọ́run lè yọ wọ́n lẹ́wọ̀n."

Dádì bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un, mo ń fi ọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Ó ní, "Ó ti kú. Ó ti lé ní ọ̀ọ́dúnrún ọdún tó ti kú. Ọba tó jà fún gan-an, wọ́n bẹ́ ẹ lórí."

Yéè! Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àfọ́kù ife. Ojú tì mí débi pé mi ò mọ ibi tí mo máa fi orí pamọ́ sí. Odidi ìjọ, mo febi pa wọ́n nítorí òkú! Dádì nu ojú rẹ̀, ó bi mí ohun tá a ń bá a tọrọ gan-an. Mo ní pé kó jáde lẹ́wọ̀n, àti pé kí ọmọ ẹ̀ padà sọ́dọ̀ ẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀. Ó kọjú sí omi, ó ní, "Kò jáde. Ibẹ̀ ló kú sí. Ọmọ ẹ̀ ò sì kọ̀wé. Mi ò lè tún ìyẹn kọ. Ìtàn tiẹ̀ ti parí."

Nígbà tí mo ròyìn fún Mọ́mì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ti kúnlẹ̀ kí n tó lanu. Mọ́mì wò mí látòkè délẹ̀. "O ò béèrè bóyá èèyàn náà wà láàyè?" Mo ní, "Mi ò béèrè, Mọ́mì. Ẹ forí jì mí." Mọ́mì kọ́kọ́ bú mi, ó bú mi dáadáa, mo sì tọ́ sí i. Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣùgbọ́n bàbá tí mo rí, kò sí lẹ́wọ̀n kankan. Inú ilé ló wà, ẹ̀bá fèrèsé ló jókòó sí. Dìde. Lọ bi bàbá tó ò ń tọ́jú lórúkọ ìyá tiẹ̀."

Ọ̀rẹ́ mi, ẹ̀rù bà mí. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi lẹ́nu iṣẹ́, àwọn tó ń dúró de owó mi nílé ò sì kéré. Ṣùgbọ́n mo wò ó pé kí iṣẹ́ bọ́ sàn ju kí arúgbó yẹn kú báyẹn lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mi ò tiẹ̀ tíì lé èéfín jáde tí mo fi ní, "Dádì, kí lorúkọ ìyá yín?"

Ó mọ ohun tí mò ń bi í, torí kò rẹ́rìn-ín. Ó dárúkọ ìyá ẹ̀ fún mi. Ó wá ní, "O máa fẹ́ gbàdúrà fún ọmọkùnrin mi náà, àbí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "O máa nílò orúkọ ìyá tiẹ̀ náà nìyẹn."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Látìgbà tí mo ti ń wá síbẹ̀, mi ò gbọ́ orúkọ ìyàwó rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀ rí. Ó yanu, ó pa á dé. Ó tún yanu. Nígbà tí orúkọ náà jáde, ẹ̀ẹ̀mejì ló pè é, bí ẹni ń pe ẹni tó wà ní yàrá kejì, ó sì bú sẹ́kún. Mi ò ní kọ orúkọ náà síbí, tiwọn ni.

Ó wá tú gbogbo ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Nígbà tí ìyàwó ẹ̀ wà ní ọsibítù, òun ló ní kí wọ́n má da ọmọ láàmú, pé ìyá á gbádùn. Nígbà tó fi máa pè é, ìyá ti lọ. Níbi ìsìnkú, ọmọ ní, "Ẹ ò jẹ́ kí n dágbére fún ìyá mi." Dádì fèsì pé ohun tó tọ́ lòun ṣe. Ó ní, "Kò tọ́. Mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn pé kò tọ́."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Tiyín ò tíì parí, Dádì."

Ó ní kí n gbé fóònù wá. Ojú rẹ̀ ò rí nọ́ńbà inú rẹ̀, èmi ni mo tẹ̀ ẹ́. Ó dún títí, ọmọ ò gbé e. Nígbà tí ẹ̀rọ ní kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀, bàbá tó máa ń sọ̀rọ̀ Lọ́ọ̀dù fún wákàtí méjì láìmumi, ọ̀rọ̀ ṣókí ló rí sọ: "Èmi ni. Ó yẹ kí n pè ọ́ nígbà yẹn. Èmi ni mo jẹ̀bi." Ọjọ́ mẹ́rin kọjá, kò sí èsì. Dádì ò bá ẹ̀rọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ mọ́, kò dárúkọ Lọ́ọ̀dù. Mo ń gbààwẹ̀ tèmi lọ, èmi nìkan, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ní àárọ̀ ọjọ́ karùn-ún, ẹnì kan kanlẹ̀kùn. Mo ṣí i. Ọkùnrin gíga kan tí irun rẹ̀ ti ń funfun ló dúró síta, imú Dádì gẹ́lẹ́ ló wà lójú rẹ̀. Kò kí mi, bóyá kò tiẹ̀ rí mi. Dádì gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ó fẹ́ dìde, ni ọmọ náà bá sáré, ó sì gbá bàbá rẹ̀ mú kó tó ṣubú. Wọ́n kàn di ara wọn mú, àwọn àgbà ọkùnrin méjì. Mo sá wọ ilé ìdáná, mo fi aṣọ nùwọ́ bojú, mo sọkún bí ẹni tí wọ́n nà.

Oṣù mẹ́rin ni Ọlọ́run fi kún un fún wọn. Ọmọ náà ń sọdá odò wá ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, òun ló sì jókòó sídìí ẹ̀rọ kékeré yẹn tó tẹ ìwé bàbá rẹ̀ títí dé ojú ìwé tó kẹ́yìn. Nígbà tí Dádì máa lọ, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ ló wà. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ló pè mí, ó ní, "Auntie, bàbá wa ti lọ." Bàbá wa ló sọ, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé kí n máa dúpẹ́ fún ọgbọ́n tí Ọlọ́run fún mi. Mò ń dúpẹ́. Ṣùgbọ́n tí mo bá kúnlẹ̀ ní tèmi, ohun tí mo máa ń kọ́kọ́ dúpẹ́ fún ni àìmọ̀ mi ọjọ́ yẹn. Ká ní mo gbọ́n ni, ǹ bá ti mọ̀ pé òkú ni Lọ́ọ̀dù, ǹ bá sì ti mójú tó iṣẹ́ tí wọ́n gbà mí fún, bàbá yẹn ì bá sì ti dá nìkan kú.