Ata Tó Mú Ẹnu Mi Kú

Ètè mi ló kọ́kọ́ kú. Lẹ́yìn náà ni ahọ́n, lẹ́yìn náà ni ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, tí mo ń fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n bíi pé ti ẹlòmíì ni. Òkukù ni mo wà, nínú ọgbà tí àwọn ará Ṣáínà tó ń tún ọ̀nà réluwé ṣe pàgọ́ sí láyé ìjọba ológun, mo sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ilé ìdáná wọn lọ́jọ́ náà. Kúkù wọn, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tí irun orí rẹ̀ ti ń funfun, bu wàrà sóyà fún mi nínú òróró tí wọ́n fi ata rẹ títí tó fi pọ́n bí epo. Mo fojú di í. Ọmọ Ìkìrun ni mí, ata wo ni ará Ṣáínà fẹ́ sè tí mi ò ní lè jẹ? Mo bù ú sẹ́nu, mo tún bù ú lẹ́ẹ̀kejì kó lè mọ irú ilé tí mo ti wá. Ata náà ta yẹ́ríyẹ́rí, ìyẹn ò bà mí lẹ́rù. Ohun tó tẹ̀ lé e ló bà mí lẹ́rù, nígbà tí gbogbo ẹnu mi kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́. Mo gbà pé májèlé ni. Mo ní lọ́kàn ara mi pé ibi tí màá kú sí nìyí, wọ́n á sì tún máa sọ níbi òkú mi pé ọkọ mi ń bọ̀.

Ọ̀rọ̀ ọkọ yẹn ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi nígbà náà. Kò pẹ́ sígbà tá a ṣègbéyàwó tó fi lọ sí Jámánì, ó ní kí n dúró ti ìyá òun ní Inísà, òun á ránṣẹ́ pè mí. Kò ránṣẹ́. Nígbà tó yá, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́ rárá. Ọdún ń gorí ọdún, mi ò lè padà sílé wa ní Ìkìrun, ibi tí mo lè fẹsẹ̀ rìn dé kí oòrùn tó mú. Ìyá ọkọ mi ò lù mí, wọn ò febi pa mí, wọn kì í tilẹ̀ pariwo mọ́ mi. Ká ní wọ́n ń lù mí ni, ǹ bá ti sá lọ tipẹ́. Àràárọ̀ ni wọ́n máa ń gbá yàrá ọmọ wọn, tí wọ́n á ṣí fèrèsé rẹ̀ sílẹ̀ kí atẹ́gùn wọlé. Bí mo bá ní mo fẹ́ lọ sílé wa, wọ́n á ní, “Ìyàwó, bí o bá lọ, tó wá dé ńkọ́? Ta ló máa bá nílé?” Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni pásítọ̀ ń pè mí jáde síwájú, wọ́n á gbọ́wọ́ lé mi lórí, wọ́n á ní kí Olúwa dá ọkọ mi padà, gbogbo ìjọ á ṣe àmín. Èmi náà á ṣe àmín, ojú á sì máa tì mí títí dé àtàǹpàkò. Mo ti há bí ẹja inú ìgèrè, àwọn tó há mi mọ́ sì fẹ́ràn mi.

Ohun tó jẹ́ kí wọ́n gbà kí n ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ni pé mọ́tò ọgbà náà ń wá gbé mi lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀, ó sì ń dá mi padà sẹ́nu ọ̀nà nírọ̀lẹ́. Ọgbà náà ní géètì, ó ní ọlọ́dẹ, ẹnikẹ́ni tó bá ti wọlé kì í jáde títí iṣẹ́ fi parí. Inú ọgbà kan ni mo ti ń lọ sínú òmíràn. Láràárọ̀ ni mọ́tò yẹn ń kọ ẹ̀yìn sí Ìkìrun, tó ń gba ọ̀nà Òkukù lọ, èmi náà á sì bojú wẹ̀yìn wo ọ̀nà ilé wa títí tí a fi ṣẹ́ kọ́nà.

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí ẹnu mi. Kúkù rí bí mo ṣe ń di ètè mú, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó. Ó gba abọ́ náà lọ́wọ́ mi, ó jẹ nínú rẹ̀ kí n lè rí i pé kò sí májèlé, ó wá sọ ọ̀kan nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá díẹ̀ tó ti kọ́ lẹ́nu àwọn lébìrà. “Dúró,” ó ní. Mo dúró. Nígbà tó ṣe díẹ̀, ẹnu mi jí. Ó tọ́ka sí ata rodo tí mo rà wá, ó ní, “Ata yín, ariwo.” Ó wá tọ́ka sí agolo kékeré kan lórí pẹpẹ, ó pa ojú dé, ó ní, “Ata mi, oorun.”

Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo rí i pé ọṣẹ ìfọyín mi ti tán. Èmi akọ̀wé, tí mo ń fi búrọ́ọ̀ṣì yangàn fún ìyá ọkọ mi láti ọjọ́ tí mo ti wọlé wọn, mo lọ tọrọ pákò lọ́wọ́ wọn. Orin ata ni wọ́n máa ń rún, gbòǹgbò igi kan tí wọ́n ń wà wá láti oko wọn lọ́nà Igbaye. Wọ́n wò mí, wọ́n ṣẹ́ díẹ̀ fún mi. Mo rún un, ètè mi kú. Òun náà gan-an ni. Ohun tí mo pè ní májèlé ilẹ̀ òkèèrè ti wà lẹ́nu ìyá ọkọ mi láràárọ̀, mi ò sì bi wọ́n rí bó ṣe ń ṣe wọ́n.

Mo mú pákò náà dání lọ sí Òkukù. Kúkù rún un bí mo ṣe júwe fún un, ó dúró gbagidi, ó wá kọjú sí ògiri. Mo rò pé inú bí i. Nígbà tó yíjú padà, omi ti lé sójú rẹ̀. Ọjọ́ yẹn ló ṣí agolo náà fún mi, àwọn hóró ata ìlú rẹ̀, kéékèèké tó lanu wẹ́rẹ́, ló wà níbẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ ò tíì pé, kò lè lọ sílé, ìyàwó rẹ̀ sì ti bímọ kan tí kò tíì fojú rí.

Láti ìgbà yẹn, bí wọ́n bá ti jẹun ọ̀sán tán, tí gbogbo ọgbà dákẹ́, á pè mí. Kì í ṣe oúnjẹ àwọn ọ̀gá ló ń sè fún mi, oúnjẹ ẹ̀bá títì ìlú rẹ̀ ni, ìlú olókè kan tí kùrukùru kì í tán lójú rẹ̀. Ó ṣe nǹkan kan tó dì bí ẹ̀kọ, ó gé e gígùngígùn, ó da ọtí kíkan àti òróró aláta lé e, ó gún ẹ̀pà wọ́n ọn. Mo ní ta ló ń fi kíkan sí ẹ̀kọ. Mo jẹ ẹ́, mo lá abọ́ náà mọ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ó gún iwe àti ìfun adìẹ mọ́ igi bí ẹni tó ń ṣe sùúyà, ṣùgbọ́n inú omi ata tó ń hó ló kì wọ́n bọ̀. Ó dín ànàmọ́, ó fi ata lílọ̀ pò ó. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìgbà tó bá gbé ọ̀pá lé èjìká, tó fi garawa kọ́ ìpẹ̀kun ọ̀pá náà méjèèjì, tó ń yí ilé ìdáná ká, tó ń polówó bí àwọn oníṣòwò ìlú rẹ̀. Èmi á ná an ní Yorùbá, òun á bínú lédè tirẹ̀, a sì jọ ń gbọ́ ara wa. Nígbà tó bá gbé garawa kalẹ̀, àwa méjèèjì á rántí pé géètì ṣì wà ní títì.

Hóró inú agolo kù díẹ̀, Kúkù ò fi í sè nǹkan mọ́. Èèpo orin ata la fi rọ́pò rẹ̀, tí mo ń sá, tí mo ń lọ̀. Kò rí bákan náà, àmọ́ ó sún mọ́ ọn. Ìyá ọkọ mi ló ń bá mi bó èèpo náà nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ọkùnrin tí ò ń bó o fún yìí, ṣé ó níyàwó nílé?”

“Ó ní, Màmá.”

“Ṣé ó máa ń kọ̀wé sí i?”

“Gbogbo ìgbà tí mọ́tò ọ̀gá bá ti ń lọ sí Èkó.”

Wọ́n fa orin ata tó kù sọ́dọ̀ ara wọn, wọ́n ń bó o lọ.

Iṣẹ́ réluwé kúrò ní Òkukù, ó forí lé ọ̀nà Ọ̀fà, wọ́n sì ń palẹ̀ ọgbà mọ́. Mo mọ̀ pé bí mo bá wọlé ìyá ọkọ mi lọ́jọ́ náà láìsọ̀rọ̀, mi ò ní jáde mọ́. Mo ti to ọ̀rọ̀ náà pamọ́ tipẹ́, mo ti sọ ọ́ sínú ìkòkò tó ń hó lọ́pọ̀ ìgbà: Màmá, ẹ fún mi láyè kí n máa lọ sílé wa, ẹ má bínú, mo ti dúró tó. Nínú ilé ìdáná, ó máa ń já gaara lẹ́nu mi. Kúkù da hóró tó kù nínú agolo sí mi lọ́wọ́, ó ní, “Dúró.” Ìyẹn nìkan la lè fi dágbére. Nínú mọ́tò, mo ń ka ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn, mo ń ju hóró náà sẹ́nu lọ́kọ̀ọ̀kan, mi ò tilẹ̀ mọ̀ pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀. Kí a tó dé Inísà, mo ti jẹ ẹ́ tán.

Ìyá ọkọ mi jókòó síwájú ilé. Mo kúnlẹ̀, mo la ẹnu, ẹnu ti kú. Ahọ́n ò gbé, ètè ò pàdé, itọ́ ń dà sí mi láyà bí ọmọ tó ń hu eyín. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo ti tò, ìró kan ṣoṣo ló jáde. Ìyá ọkọ mi tẹjú mọ́ mi, wọ́n bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún.

“O fẹ́ máa lọ, àbí?”

Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

“Èmi náà mọ̀ pé o gbọ́dọ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí o bá lọ, ó di pé ọmọ mi ò bọ̀ mọ́ nìyẹn. Bí mo bá ti rí ẹ nílé, mo máa ń rò pé ó kàn pẹ́ lọ́nà ni.”

Wọ́n wọlé, wọ́n gbé àpótí mi jáde fúnra wọn, wọ́n sì di ìdì orin ata kan lé e lórí. Mo sunkún dé Ìkìrun. Ẹnu mi jí lọ́nà, nígbà tí kò sí ẹni tí màá bá sọ̀rọ̀ mọ́.

Ànàmọ́ díndín aláta ni mo fi bẹ̀rẹ̀ òwò ní Ìkìrun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì, òun ni mo fi tọ́ àwọn ọmọ tí mo padà bí. Ìyá yẹn ò yéé fi orin ata ránṣẹ́ sí mi títí wọ́n fi lọ. Ọmọ wọn ò dé títí dòní. Níbi ìsìnkú wọn ní Inísà, nígbà tí ó ku kí ẹbí bu yẹ̀pẹ̀ sí sàréè, mo bọ́ síwájú. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí kò mọ̀ mí fọwọ́ dá mi dúró, ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ jẹ́ sí wọn?” Ọkọ tí mo ń fẹ́ báyìí dúró lẹ́yìn mi, àwọn ọmọ mi náà ń gbọ́.

Mo ní, “Ìyàwó wọn ni mí.” Ó já gaara.