Oògùn Ilẹ̀ Lórí Orúnkún Mi

"Má mira, èyí tó bá ta ọ́ ló ń ṣiṣẹ́." Ìyá àgbà, ìyá tó bí màmá mi, ti fi itan há ẹsẹ̀ mi, wọ́n sì da oògùn ìfọlẹ̀ gbuu sórí orúnkún mi tó bó nígbà tí mo ṣubú ní Okokomaiko. Yéè, ẹ gbà mí! Gbogbo yàrá mẹ́wàá tó wà nílé wa ní Ajangbadi ló gbọ́ igbe mi.

Ọsibítù ni ìyá àgbà ti ń ṣiṣẹ́ fífọ ilẹ̀. Wọ́n máa ń ra irú oògùn apakòkòrò tí wọ́n fi ń fọlẹ̀ níbẹ̀ wálé, èyí tó ń funfun bí ẹ̀kọ mímu tómi bá ti kàn án, wọn a bù ú sí ìgò kéékèèké fún aládùúgbò láti fi tọ́jú egbò. Nọ́ọ̀sì ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, orí mi a sì wú.

"Kòkòrò tí kò là á já nílẹ̀ ọsibítù, ṣé lẹ́sẹ̀ ọmọ ni yóò ti là á já?" Báyìí ni wọ́n máa ń wí.

Lọ́jọ́ kẹta, ara tó yí egbò náà ká funfun, ó ń bó, ó ń gbóná. Wọ́n pọ̀n mí lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì gidi níbi iṣẹ́ wọn.

"Mọ́mì, ilẹ̀ ni wọ́n ṣe èyí fún, ó ń jó ẹran ara," nọ́ọ̀sì náà wí. "Omi tó mọ́ àti ọṣẹ ni kẹ́ ẹ fi fọ egbò, kẹ́ ẹ sì tètè gbé e wá."

Ìyá àgbà dìde fùú. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n fún ìyá ìkókó yàrá karùn-ún ní ìgò kan, pé kó máa fi nu ìwọ́ ọmọ rẹ̀ tí kò tíì já. Ha, ẹ wo eré! A fò sórí ọ̀kadà, èmi láàárín. Nígbà tá a dé, obìnrin náà ti rẹ òwú sínú rẹ̀.

Ìyá àgbà gba òwú náà lọ́wọ́ rẹ̀. "Mo ṣì í, ọmọ mi. Má fi kàn án."

Wọn ò tíì mí tán tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í kanlẹ̀kùn kiri. Ọkùnrin kan fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé Nọ́ọ̀sì ń gba oògùn padà.

"Rẹ́rìn-ín tó bó ṣe wù ọ́," wọ́n ní, "ṣùgbọ́n gbé ìgò náà wá."

Èmi náà ti di ìyá ọmọ. Tí mo bá ṣèèṣì bá ọmọ mi wí lórí ohun tí kò ṣe, ojú máa ń tì mí, ẹnu mi a wúwo. Síbẹ̀, mo máa ń lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ kí oúnjẹ tó délẹ̀, kí n sọ fún un pé èmi ni mo ṣì í.