Fèrèsé tí Olùkọ́ Pierre-Claver gbé lọ sí Savalou

Kò sí ẹni tí kò gbọ́ ní Bantè nípa ọjọ́ tí olóògbé Olùkọ́ Pierre-Claver gbé odindi fèrèsé dé Savalou. Ilé-iṣẹ́ asíránsì, àwọn adójútòfò tó wà níbẹ̀, ló ní fèrèsé tó ṣí sílẹ̀ ni òjò gbà wọlé ba ẹrù rẹ̀ jẹ́, àwọn kò sì ní san nǹkan kan. Bàbá yọ fèrèsé náà lára ògiri, tòun ti férémù, ó gbé e lé itan lẹ́yìn alùpùpù, ó gbé e kalẹ̀ gbàmù sórí tábìlì Nassirou, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ àwọn oníbàárà.

"Ṣí i, ọmọ mi."

Nassirou fà á, kò mira. Ó fi ẹsẹ̀ ti tábìlì, ó tún fà á. Àwọn tó ń dúró de ìpè dìde wá wòran.

"Bàbá, eléyìí kò ṣeé ṣí."

"Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti fi ìṣó kàn án pa nítorí ewúrẹ́ aládùúgbò. Báwo wá ni òjò tiyín ṣe rí i ṣí?"

Bí ó ṣe rí nìyẹn látìbẹ̀rẹ̀. Ó ti kọ́ ọmọ níwèé fún ọgbọ̀n ọdún ní Bobè àti Akpassi, kò sì sí ìwé tí kì í kà dópin. Nígbà tí Nassirou gbé àdéhùn asíránsì ilé àti ẹrù inú rẹ̀ wá, àwọn ẹlòmíràn buwọ́ lù ú lójú ẹsẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni tirẹ̀ gbà.

"Kí ni ẹ ń pè ní ẹrù inú ilé?"

"Àga, bẹ́ẹ̀dì, firísà, gbogbo ohun tó ṣeé gbé, Bàbá."

Florentine ìyàwó rẹ̀, tó ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, gbórí sókè. "Èmi ńkọ́?"

Olùkọ́ wò ó látòkè délẹ̀. "Ó ti lé lógún ọdún tí ìwọ ti ṣeé gbé gbẹ̀yìn."

Nígbà tí ìjì ṣí páànù òrùlé, tí omi sì rọ́ wọlé, ó kọ̀wé sí wọn lọ́jọ́ kejì gan-an, bí àdéhùn ṣe wí. Lẹ́tà "a kò ní san" dé. Ó fa báírò pupa yọ, ó tún Faransé inú rẹ̀ ṣe, ó wá kọ sísàlẹ̀ pé: "Máàkì mẹ́rin nínú ogún. Ẹ kò gòkè wo òrùlé. Ẹ tún un ṣe." Ó dá a padà fún wọn. Wọn kò dáhùn. Ìyẹn ló fa ti fèrèsé.

Lẹ́yìn fèrèsé, wọ́n rán ẹni tó gun òrùlé lóòótọ́. Wọ́n yí ìpinnu padà: wọn yóò san ti mátírẹ́ẹ̀sì, ti firísà àti ti tẹlifíṣàn. Ni Bàbá bá tún gba Savalou lọ.

"Ẹ yọ tẹlifíṣàn kúrò. Ó ti kú ní ọ̀sẹ̀ méjì kí òjò tó rọ̀."

"Bàbá, ọ̀gá ti fọwọ́ sí i!"

Florentine tó tẹ̀ lé e fà á láṣọ. "Bàbá Mirabelle, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ jẹ́ á máa lọ!"

"N kò lọ."

Nassirou ní láti kọ lẹ́tà mìíràn. Ó ní òun kò rí irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ rí, tó bá asíránsì jà nítorí pé wọn kò san, tó tún padà wá jà nítorí pé wọ́n fẹ́ san jù.

Ìgbà ọyẹ́ tó kọjá ni Olùkọ́ sùn tí kò jí. Nassirou wá láti Savalou, ó jókòó ti Florentine.

"Màmá, ọ́fíìsì wa ti dákẹ́ jù. Kò sẹ́ni tó ń bá mi jiyàn mọ́."

"Nígbà tí àìsàn dá a gúnlẹ̀," ni Florentine wí, "ó ní bí òun bá dìde, ọ̀dọ̀ rẹ lòun á kọ́kọ́ lọ. Mo ní kí ló fẹ́ lọ ṣe níbẹ̀. Ó ní òun á rí nǹkan kan bá ọ fà."

Ẹ̀rín pa Nassirou. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó yọ áńkáṣíìfù, ó fi bojú, kò sì tètè gbé e kúrò.